Ohùn Nọ́ńbà Méje

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá mọ̀ mí sí Gbàdàmọ́sí oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń tọ́jú gbọ̀ngán, tí ẹ sì fẹ́ máa mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa á dé níbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ ìlà kan, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà ná kí n tó kọ òmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́sàn-án nínú mi, ó sì tó gẹ́ẹ́. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ayọ̀kúnmi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Yétúndé, ìyá rẹ̀, tẹ̀lé àwọn olórin lọ sí Èkó. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òdogbolú, wọ́n ní ohùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, kò padà wá ká a. Èmi ni mo ká a. Èmi náà ni mo ń dirun ọmọ kó tó lọ sílé ìwé. Àwọn obìnrin àdúgbò á dúró wò ó, wọ́n á ní, “Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ di irun yìí ni, àbí ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́?” A jọ máa ń rẹ́rìn-ín, èmi àti ọmọ mi.

Nígbà tó dàgbà, bó bá ń fọ abọ́, á máa kọrin. Èmi á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò ní mí. Ó ń dùn mọ́ mi. Ó sì ń dẹ́rù bà mí, torí ohùn Yétúndé gan-an ni.

Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde ló mọ bí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, ṣe ń múra Ojúde Ọba. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń jó lọ kí Kábíyèsí, ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹni gidi tí yóò lé orin fún wọn, ìtìjú ni. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngán tí mo ń tọ́jú. Lọ́dún kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n ní ọmọ àbúrò alága ni wọ́n mú láti lé orin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alhaji Ọládiípọ̀ tó di alága tuntun dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí a ta aṣọ ìkélé sí àárín gbọ̀ngán. Àwọn àgbà mẹ́ta, Alhaji fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, jókòó sápá kan, ọmọ tó bá fẹ́ kọrin á dúró sápá kejì, wọn ò ní rí ojú rẹ̀. Èmi ni kí n máa pe àwọn ọmọ wọlé láti inú ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wá gbé káàdì nọ́ńbà síwájú àwọn àgbà. Ọmọ gan-an kò ní mọ nọ́ńbà rẹ̀. Inú ìwé kékeré kan lápò mi nìkan ni orúkọ àti nọ́ńbà ti pàdé.

Alhaji ní, “Gbàdà, ìwọ la fọkàn tán. O ò ní ẹnì kankan níbẹ̀.”

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dé inú ọgbà, tí mo rí Ayọ̀kúnmi láàárín àwọn ọmọbìnrin náà, tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ó sọ ọ́ sí mi létí: “Bàámi, ẹ má sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí o. Mo fẹ́ kí wọ́n mú mi torí ohùn mi ni.” Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú nọ́ńbà méje.

Bó bá jẹ́ orin Ojúde Ọba nìkan ni, bóyá ǹ bá má ṣẹ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n Alhaji ti sọ fún wa pé ẹni tí a bá mú, ọ̀rẹ́ òun tó ní sitúdíò ní Èkó máa gbà á sọ́dọ̀, wọ́n á ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún un. Èkó. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, aṣọ orí okùn ni mo rí.

Nọ́ńbà méje kọrin. Màámi Rose, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́ta náà, tó ti ń kọ́ àwọn akọrin ìjọ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀, bọ́ gíláàsì ojú, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alhaji dìde dúró. Ó ní, “Kí àwọn tó kù máa lọ jẹun nílé. Gbàdà, ta ni nọ́ńbà méje?”

Mo ṣí ìwé. Orúkọ ọmọ mi ń wò mí. Mo la ẹnu, mo ní, “Adéṣẹwà, ará Ìbẹfun.”

Nọ́ńbà mẹ́rin ni Adéṣẹwà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kò burú, kò sì dá yàtọ̀. Nígbà tí mo pe orúkọ rẹ̀ nínú ọgbà, Ayọ̀kúnmi ló kọ́kọ́ sáré dì mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi? Ọmọ tí mo jà lólè ló kọ́kọ́ kí ẹni tí mo kó ẹrù rẹ̀ fún.

Ẹ dúró, èyí kọ́ ló burú jù. A délé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó. Ó ní, “Bàámi, ẹ̀yin wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ni wọ́n sọ nípa tèmi?” Mo lè sọ pé ó dùn mọ́ wọn díẹ̀. Ìyẹn ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé á tún lọ gbìyànjú níbòmíràn. Mo ní, “Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí o lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, pé o ò ní ohùn.” Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́, mo sì ń jẹun lọ. Ó ní, “Ó dáa, Bàámi.” Láti ọjọ́ yẹn, ìró omi nìkan ni mo ń gbọ́ bó bá ń fọ abọ́.

Nígbà tí Adéṣẹwà ń dánra wò, Màámi Rose fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbàdàmọ́sí, ohùn tí mo gbọ́ kọ́ nìyí.”

“Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà, mà.”

Alhaji tó gbọ́ wa ní, “A ti kéde. Ṣé ká wá lọ sọ pé a ò mọ ẹni tí a mú?” Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo dáná sun ìwé kékeré yẹn. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ohùn Adéṣẹwà já láàárín orin. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wa ń pariwo, “Ẹ fún un lómi! Ẹ bu ṣúgà sí i!” Kò dé sitúdíò kankan. Adéṣẹwà, bí o bá rí ìwé yìí, kì í ṣe ìwọ lo kùnà. Ẹrù ẹlòmíràn ni mo gbé rù ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.

Ayọ̀kúnmi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó lọ́kọ, ó bí Rahmah. Ní oṣù tó kọjá, Rahmah ń fo okùn nínú ọgbà ilé, ó ń kọrin. Mo tún bá ara mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ayọ̀kúnmi gbé orí sókè lórí ẹ̀rọ, ó rọra ní, “Rahmah mi, dákẹ́. Ìdílé wa ò ní ohùn.” Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Ó ti ń kó ran ọmọ ọmọ mi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Màámi Rose. Ó ti darúgbó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ohùn yẹn ò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà. Mo ti ń rò pé àlá ni mo lá.” Mo fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Èmi kọ́ ló yẹ kó o wá bá. Máa lọ sílé.”

Àná ni mo wọlé tọ Ayọ̀kúnmi lọ. Ó ń rán aṣọ ìyàwó kan. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàámi, ẹ dìde, kí lẹ ń wá nílẹ̀? Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, títí kan aṣọ orí okùn. Ẹ̀rọ ti dúró.

“Màámi Rose sunkún?”

“Ó sunkún.”

“Nítorí tèmi?”

“Nítorí ohùn rẹ, Ayọ̀.”

Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé o lè foríjì mí?” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́, Bàámi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.” Ó mú píìnì tó fi ń di aṣọ mú, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ó fi wọ́n sáàárín ètè, ó pa ẹnu dé mọ́ wọn.

Nínú ọgbà, Rahmah gbé orin. Mo yára wo ẹnu ìyá rẹ̀, bóyá á tún ní kó dákẹ́. Ayọ̀kúnmi kò yọ píìnì kankan.