Erékùṣù Tí Mo Júwe fún Ìyá Rótìmí

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pàtẹ́wọ́ sí. Bí mo bá ń gbọ̀n, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gba máìkì yìí lọ́wọ́ mi títí màá fi sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán tí àwa obìnrin máa ń gbà nígbà ààwẹ̀, mo padà sílé, mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo tún kúnlẹ̀. Mo ń bẹ Olúwa pé kó ṣe ìrìn-àjò Ìyá Rótìmí ní ìrọ̀rùn. Gbogbo yín mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ sí erékùṣù yẹn. Gbogbo yín náà ló mọ̀ pé èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ni mo ní kí wọ́n lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti pàdánù Rótìmí, àkọ́bí wọn, wọn ò rí oorun sùn mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, “Dọ́kásì, ìwọ lo ti rìnrìn-àjò láàrin wa. Mo fẹ́ lọ síbi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ara mi. Erékùṣù tí ìwọ àti ọmọ rẹ lọ yẹn, ṣé ó dára fún irú mi?” Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ. Ibẹ̀ parọ́rọ́. Ìró omi nìkan lẹ ó máa gbọ́.”

Irọ́ ni, ẹ̀yin ará. Irọ́ funfun báláú. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ kankan níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ló so mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀ erékùṣù náà dé òpin rẹ̀. Orin ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀rọ kan bí alùpùpù ń sáré kiri lórí omi, èèyàn sì pọ̀ létíkun débi pé mi ò rí ibi tí mo lè tẹ́ aṣọ sí kí n jókòó. Ọjọ́ márùn-ún tí mo lò, inú yàrá ni mo wà, mo ti fèrèsé, mo ń retí ìgbà tí a ó padà sílé. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu kí n tó lọ, ojú sì ń tì mí. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, màá ní kí ọmọ mi lóṣòó sílẹ̀ kí àwọn ilé má bàa hàn, kó jẹ́ èmi àti omi nìkan. Ẹ̀yin obìnrin ìjọ rí i lórí Wásáàpù, ẹ ní Ọlọ́run mi tóbi.

Orí irọ́ yẹn ni mo ti ń gbàdúrà tí oorun fi gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ “Àmín” ṣì wà lẹ́nu mi.

Mo bá ara mi nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ọkùnrin kan ń fi àjẹ̀ tù ú. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún bí ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Kò kí mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo là ń lọ?” Ó ní, “Ibi tí o júwe.”

A gúnlẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, erékùṣù yẹn ni! Àwọn ilé gogoro náà rèé, àwọn sípíkà rèé, òpópónà tó kún fọ́fọ́ rèé. Mo kígbe, “Háà! Ọ̀run àpáàdì nìyí! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!” Ó wò mí, ó ní, “Fara balẹ̀.”

Ó mú mi gba òpópónà tó mọ́lẹ̀ yòò. Ta ni mo rí? Bàbá wa tó máa ń lu agogo ìjọ yìí kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Ẹ rántí pé Bàbá ò lè dá jẹun láéláé, wọ́n á gbé abọ́ wọn lọ bá aládùúgbò. Wọ́n jókòó síwájú ilé oúnjẹ kan, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, gbogbo wọn ń kí Bàbá, Bàbá ń rẹ́rìn-ín títí erìgì fi hàn. Nítòsí wọn ni obìnrin kan wà tí ọkùnrin náà ní ó tọ́ ọmọ mẹ́fà ní abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí kò ní dókítà. Níbí, omi ń ṣàn, ọ̀nà dán, ilé ìwòsàn wà ní ìkángun òpópónà, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wẹ̀, ń pariwo, òun sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó di ojú. Mo ní, “Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ń yọ̀ nírú ibi báyìí?” Ọkùnrin náà ní, “Ó bá wọn lára mu ni. Ìsinmi wọn nìyí. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wọn kí wọ́n tó wá.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó sì ń bú mi lóòótọ́.

A yà sí apá kejì, ooru bẹ̀rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi gé etíkun níbẹ̀. Lẹ́yìn wáyà náà ni àwọn èèyàn ńlá ńlá kan dúró sí, ètè wọn ti gbẹ, ó ti sán, omi tútù wà níwájú wọn, ọwọ́ wọn ò tó o. Bí wọ́n bá nawọ́, wáyà á fa ẹran ara wọn ya. Ó ní, “Àwọn ló gba etíkun lọ́wọ́ àwọn apẹja, tí wọ́n ní kí ọmọ onílẹ̀ máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.” Ọ̀kan nínú wọn na ife òfìfo sí mi. Mi ò lè wò ó.

Ó ṣílẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí mi ò rí òpin rẹ̀, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Àwọn ọkọ tó sọ fún ìyàwó pé iṣẹ́ ló gbé àwọn rìn, àwọn ìyàwó tó sọ fún ọkọ pé ìsọjí làwọn ń lọ, wọ́n ń sáré kiri pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ṣí yàrá, ẹni tí wọ́n tàn jẹ ló máa dúró síbẹ̀, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Wọ́n á figbe ta, wọ́n á sá lọ sídìí ilẹ̀kùn mìíràn. Mo rí ẹnìkan tí mo mọ̀. Mi ò ní dárúkọ, ẹ má wojú ara yín.

Mo rò pé ó ti parí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ó ní, “Ó ku tìrẹ.”

Èbúté ni. Wọ́n to àga sójú kan, wọ́n kọjú gbogbo rẹ̀ sí omi. Ènìyàn jókòó lórí wọn, ètè wọn ń mì, omijé ń ṣàn. Ọkọ̀ ń já èrò sílẹ̀ níwájú wọn, àwọn èrò náà ń bi wọ́n léèrè pé, “Ṣé ibí yìí náà ni? Ṣé ibí yìí lẹ ní ká wá?” Àwọn ẹni orí àga fẹ́ kígbe pé ẹ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà ayé wọn nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ń sọ pé, “Ẹ máa gbádùn ẹ̀ gan-an.” Òmíràn ń sọ pé, “Kò sírú ẹ̀.” Ẹ̀yin ará, àga kan ṣófo. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú ipò tí mo dì mú nínú ẹgbẹ́ obìnrin.

Kí n tó sá, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀, Ìyá Rótìmí ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé báàgì dúdú wọn dání, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, èèyàn ń tì wọ́n síwá, èèyàn ń tì wọ́n sẹ́yìn, wọ́n dé orí yanrìn, wọ́n jókòó sáàrin sípíkà méjì, wọ́n la ẹnu, mo rí i pé wọ́n ń pe “Rótìmí”, mo rí i ní ètè wọn, ohùn wọn ò jáde, orin gbé e mì, wọ́n tún pè é, wọ́n tún pè é, iṣan ọrùn wọn le, àwọn èèyàn ń fò kọjá lórí ẹsẹ̀ wọn, ẹnìkan ń fà wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n dìde wá jó, mo sáré, mo kígbe, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà!” ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, “Ibẹ̀ parọ́rọ́. Ìró omi nìkan lẹ ó máa gbọ́.” Mo tún kígbe. Ohun kan náà. Mo fọwọ́ di ẹnu mi, ó ń jáde láàrin ìka mi.

Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Ó ní, “Kí ni obìnrin yẹn fẹ́ wá ṣe níbí?” Mo ní, “Wọ́n fẹ́ sinmi ni, sà.” Ó ní, “Ṣé o bi í?”

Mi ò bi wọ́n, ẹ̀yin ará. Mo rò pé mo mọ̀. Ó wá fi ilé Ìyá Rótìmí hàn mí níbi tí mo wólẹ̀ sí. Mo rí àwa obìnrin ìjọ níbẹ̀, méjì méjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pín wa láti máa jókòó tì wọ́n láti ọjọ́ tí Rótìmí ti kú, kí wọ́n má bàa dá wà. Mo rí i pé nígbàkígbà tí Ìyá Rótìmí bá la ẹnu, ọ̀kan nínú wa á ti sọ pé, “Ó tó, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ wojú àwọn tó kù.” A ò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí, nítorí pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin náà ní, “Oṣù mẹ́ta. Obìnrin yìí ò tíì rí àyè sunkún ọmọ rẹ̀. Àyè yẹn ló ń wá, o sì rán an wá síbí.” Mo ní, “Sà, ṣé wọ́n ti fi àga yẹn sílẹ̀ fún mi pátápátá?” Ó ní, “Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Mo jí. Oòrùn ṣì ń ràn sí pálọ̀. Aṣọ mi rin gbindin.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sílé wọn láti jẹ́wọ́. Wọ́n ń di ẹrù. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lójú wọn láti ìgbà tí ọmọ wọn ti kú, wọ́n ní, “Dọ́kásì, o ṣeun tó o bá mi wá ibi tó dákẹ́.” Mo ní, “Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo bá wọn ká aṣọ, mo sì lọ sílé! Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí! Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síwájú gbogbo yín lónìí, nítorí mi ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ara mi pé màá sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé erékùṣù yẹn dára fún irú òun, ẹ kọ́kọ́ bi í irú ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń wá lọ. Bó bá fẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ oríṣiríṣi, kí gbogbo nǹkan wà nítòsí, kó lọ, yóò gbádùn, Bàbá alágogo ń gbádùn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló wúwo tó ń wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún un, kódà kí ojú tì yín.

Ìyá Rótìmí, ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí. Mo kúnlẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ má lọ. Mi ò mọ erékùṣù tó dákẹ́, mi ò fẹ́ tún júwe ibì kankan fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ yìí lè dákẹ́ fún yín. Ẹni tó ń tẹ dùùrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pè é bó ṣe wù yín, kó pẹ́ bó ṣe máa pẹ́.

Ìyá Rótìmí ti dìde. Ẹ̀yin ará, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dì wọ́n mú.