Ìyá Tó Nawọ́ Nínú Ilé Ìdáná

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Lokongoma, ìyá kan àti tíṣà ọmọ rẹ̀ fi mí sáàárín, ni àròyé bá bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, mo máa mú ọmọ mi kúrò ní kíláàsì yín. Ẹ ní ohun tí ẹ bá kọ́ ọ, kó wá fi kọ́ mi nílé. Lánàá, nínú ilé ìdáná mi, ó ní kí n nawọ́ kí n tó sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ẹ nawọ́?"

"Mo nawọ́ o. Ọbẹ̀ sì jóná."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìṣirò tó fi kọ́ yín ńkọ́?"

"Ó yé mi."

"Ó yé òun náà nìyẹn, Màmá. Ohun tí kò yé ọmọ, kò lè fi kọ́ni."

Nígbà tí ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó tún yọjú sínú kẹ̀kẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa kọ́ wọn lọ́la? Ọmọ yẹn ti ní bí mi ò bá gba ìbéèrè òun, màá kúnlẹ̀."