Oṣù Tí Mo Rí Tí Mo Ní N Kò Rí

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. N óò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, gbogbo rẹ̀ pátá, ó ti tó àkókò. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ṣakété. Ẹni tó bá sọ Nàgó, èdè ilé wa, dípò Faransé, wọ́n á fi pákó kan tí wọ́n ń pè ní síńyáàlì kọ́ ọ lọ́rùn. Yóò wà níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ Nàgó lẹ́nu ẹlòmíràn, tí yóò sì gbé e kọ́ ìyẹn lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ló máa jẹ pàṣán. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Kàmọ́rù, kí ni ìyá rẹ sè lónìí?" Mo ní, "Ẹ̀wà." Bó ṣe bọ́ ọ kọ́ mi lọ́rùn nìyẹn. Wọ́n nà mí títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. N kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Òun kàwé lọ, èmi di ẹni tó ń ru àpò ìrẹsì ní èbúté Kútọ̀nú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ní ni ojú. Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ bá pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èmi ni Lèmọ́mù wa ní àdúgbò Gbégamey ní Kútọ̀nú máa ń rán láti wo oṣù. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà ìjọba ṣọ́jà, tí gbogbo ènìyàn ń jẹ́ kámárádì, ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun àjèjì fi ọkọ̀ òfurufú já wọ Kútọ̀nú, Ọmọ́tọ́ṣọ́ kó dé àdúgbò wa. Ó ti di olùkọ́, Mẹ́tìrì ni gbogbo ayé ń pè é. Ó gbé ẹ̀rọ awò gígùn kan dání, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fi ta á lọ́rẹ. Lọ́sàn-án, yóò fi da àwòrán oòrùn sórí bébà funfun: "Ẹ má fi ojú wo inú rẹ̀ o, yóò fọ́ yín lójú!" Ìyá Àdùní, aládùúgbò wa, rí àmì dúdú lára oòrùn, ó pariwo, "Háà! Oòrùn náà ń hu ìrorẹ́!" Lálẹ́, yóò fi òṣùpá àti ìràwọ̀ hàn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ẹni tó fi mí lé pàṣán lọ́wọ́ ni gbogbo Gbégamey ń ṣàdúrà fún! Ọ̀rẹ́ mi Jímọ́ọ̀ sì ń fi mí ṣẹ̀sín: "Ojú Àwòdì, wọ́n ti fi irin rọ ojú tó ju tìrẹ lọ. Lọ máa sùn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ọdún náà, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, èmi náà kò rí i. Àfi bí Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣe kígbe nídìí ẹ̀rọ rẹ̀: "Ó ti yọ! Bàbá Lèmọ́mù, ẹ wá wò ó!" Lèmọ́mù ní, "O ṣeun, Mẹ́tìrì, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni ọ́. Mùsùlùmí ló ń jẹ́rìí oṣù fún wa, ojú tèmi sì ti gbó. Kàmọ́rù, wò ó." Mo tẹ ojú mọ́ ọn. Mo rí oṣù. Ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun, ó mọ́ roro. Mo ro ó pé bí mo bá ní mo rí i, Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló rí i, ẹnu lásán ni mo yá a. Mo fi orúnkún ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, mo gbé orí sókè, mo ní, "Wàláhì, n kò rí nǹkan kan." Jímọ́ọ̀ wò ó, òkùnkùn ló bá níbẹ̀. "Ta ló tì í? Ó wà níbẹ̀!" Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wá a, ṣùgbọ́n oṣù ti wọ̀.

A gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́sàn-án, awakọ̀ kan dé láti Àjàṣẹ́: "Ẹ̀yin ṣì ń gbààwẹ̀? A ti kírun ọdún láàárọ̀!" Èèwọ̀ ni kí ènìyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Lèmọ́mù jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ìkà bíi tèmi! Èmi ni mo kígbe pé, "Ẹ̀rọ kèfèrí yẹn ló gbé oṣù pamọ́!" Jímọ́ọ̀ àti àwọn mìíràn ya lọ sílé Ọmọ́tọ́ṣọ́, wọ́n fi òkúta fọ́ ẹ̀rọ náà wómúwómú. Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò wò wọ́n. Èmi ló ń wò. "Kàmọ́rù, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. O rí i. Sọ fún wọn." Mo ní, "Kí ni mo rí?" Lẹ́yìn náà ni dẹ́lẹ́gẹ́, aṣojú ìjọba ládùúgbò, ní Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ kó ènìyàn jọ mọ́.

Ó pé ọdún méje. Lọ́dún yìí, rédíò ní ìràwọ̀ onírù kan ń bọ̀, irú èyí tí ènìyàn kì í rí lẹ́ẹ̀mejì láyé. Gbogbo Gbégamey na ọrùn, wọn kò rí nǹkan gidi. Ọmọ mi Ràṣídátù ní, "Bàbá, wọ́n ní Mẹ́tìrì ní ẹ̀rọ kan rí. Ta ló bà á jẹ́?" N kò lè jẹun. N kò tíì dárí ọ̀rọ̀ síńyáàlì ji Ọmọ́tọ́ṣọ́, bóyá n kò ní dárí rẹ̀ jì í láé. Ṣùgbọ́n pákó kan ló gbé kọ́ mi lọ́rùn. Ojú gbogbo àdúgbò ni èmi fọ́. Mo ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláásí. Nígbà tí a kírun tán, mo dìde. Jímọ́ọ̀ fa ẹ̀wù mi: "Jókòó jàre! Ọ̀rọ̀ tó ti kú." Mo já ẹ̀wù gbà. Mo ní, "Oṣù yọ lọ́jọ́ náà. Mo rí i nínú ẹ̀rọ Mẹ́tìrì. Mo fi orúnkún ti ẹ̀rọ náà, mo sì fi orúkọ Ọlọ́run búra irọ́. Èmi ni mo mú kí ẹ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò parọ́."

Lèmọ́mù wo Ọmọ́tọ́ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wá ní, "Tún un sọ, Kàmọ́rù. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́ dáadáa."

Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo sì tún un sọ.