Ẹ Gbé Oúnjẹ Náà Sọ̀ Kalẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọwọ́ òsì ti kú láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta àti ẹ̀wà funfun.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ibi tí a lọ lọ́jọ́ náà. Sátidé oúnjẹ ni, tí ìjọ wa máa ń pín ìrẹsì, ẹ̀wà àti epo fún àwọn àgbà àti abirùn ní gbọ̀ngàn òkè. Ẹ sì mọ òfin rẹ̀: ẹni tó ni oúnjẹ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè wá tẹ ìka sínú ìwé, ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹta, kí a yọ orúkọ rẹ̀. Èmi akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mo kọ ọ́, nítorí pé àwọn kan ti ń gba oúnjẹ lórúkọ òkú. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ìyàwó mi, Ìyá Títí, gun ìpele àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó jókòó. Mo wà lókè pẹ̀lú ìwé orúkọ, mo ń wò ó. N kò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má baà ní akọ̀wé ń ṣojúsàájú.

"Bàbá Títí," ó pè mí láti ibẹ̀, gbogbo èèyàn ń gbọ́, "ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó gbé ìjọba ọ̀run wálẹ̀ díẹ̀, torí èmi ò lè gun òkè mọ́ o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn, kò jí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. N kò bá a jiyàn.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, nígbà tí ẹ ti lọ tán, mo ṣì jókòó sórí àga mi níbí. Oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin kan dúró tì mí, òṣùká aláàárù wà lórí rẹ̀, eruku sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, Akọ̀wé." Mo tẹ̀lé e.

Ó mú mi gba ibi ìjìyà kọjá. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń jẹ ahọ́n ara wọn. Mo rí àwọn panṣágà tí a so pọ̀, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, nínú iná tí kò ní ìmọ́lẹ̀. Mo rí aninilára kan tó gba ilẹ̀ opó. Ilẹ̀ náà ń gbé e mì, ó ń pọ̀ ọ́, ó tún ń gbé e mì. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ń sọ lọ́kàn mi pé, mo dúpẹ́, n kò sí lára wọn.

Nígbà náà ni a dé ìdí àtẹ̀gùn kan. Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ń gùn ún wọ aṣọ mímọ́, wọ́n di ìwé mọ́ àyà, òórùn oúnjẹ ń ta sánsán láti òkè, wọ́n ń gùn, wọ́n ń mí hẹlẹ, orúnkún wọn ń ya, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ìpele tó kẹ́yìn, ohùn kan á ké pé "Ìwé rẹ kò pé!", àtẹ̀gùn á gùn sí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, iná ń lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń gùn, wọ́n ń gùn, kò sì sí ẹni tó dé òkè rí.

"Ṣé olè ni wọ́n ni?" mo bi í.

"Wọn ò jí nǹkan kan," ó ní. "Wọ́n ṣọ́ oúnjẹ títí ebi fi pa ẹni tó ni ín."

Mo gbójú sókè, mo rí òfin tí a kọ sára ògiri. Ìkọ̀wé mi ni. Ìpele kan sì wà nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Mo ké. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fà mí jáde síbi kan tó tẹ́jú bíi pápá. Kò sí ìpele kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn arúgbó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, àwọn tó ru oúnjẹ ń tọ̀ wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ìyàwó mi wà láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹun.

"Tísà," ó ní, "ṣé ẹ ti tẹ ìka kí ẹ tó wọlé?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dárí jì mí.

"Ẹ dìde, mo ti yó. Màmá Bọ́lá ni kò tíì jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé, Sátidé yìí lẹ ó yọ orúkọ rẹ̀. Àbí báwo ni afọ́jú ṣe fẹ́ rí àtẹ̀gùn yín?"

Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, opó tó ń dá gbé lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Èmi fúnra mi ni mo ti fi gègé fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo jí, aṣọ mi tutù fún òógùn. Lọ́jọ́ Ẹtì mo sọ ìran náà fún ìgbìmọ̀. Alága ní, "Akọ̀wé, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ òfin yìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi náà ni yóò fà á ya." Mo sì fà á ya lójú wọn.

Wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ ni mí. Wọ́n ní lánàá mo ṣí yàrá oúnjẹ láìgbàṣẹ. Òótọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní dá a padà títí oúnjẹ yóò fi kúrò lókè. Ẹ yọ mí nípò bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín: ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò gbà á fún ẹni tí kò lè rìn. Ẹni tí kò lẹ́nìkan, ẹ gbé e lọ bá a nílé. Bí òkú kan bá tipa bẹ́ẹ̀ gba kóńgò ìrẹsì kan, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ó sàn ju kí alààyè fi ebi sùn. Ìpele tí mo rí yẹn ṣì ṣófo, kì í ṣe èmi ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo gbé ìpín Màmá Bọ́lá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lánàá, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Akọ̀wé ìjọ ni, Mà."

"Akọ̀wé òkè? Kí ló mú yín já bọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí ẹni tí yóò bá òun sè é.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó, n kò dáná oúnjẹ rí. Mo to igi. Ìṣáná mẹ́rin ni mo ṣá kó tó ràn. Mo gbé ìkòkò kaná, mo bu omi tó pọ̀ jù sí ìrẹsì rẹ̀, mo jókòó tì í títí ó fi jinná. Mo gbé àwo lé e lọ́wọ́.

"Iyọ̀ yìí pọ̀ jù, Akọ̀wé."

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bu sí i.