Ẹgbẹ̀rún Lọ́nà Ogún Ọwọ́ Káàdì

Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ dá fún mi. Inú yàrá tí àwa mọ́kànlá jọ ń sùn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo pa ìyá tó tọ́ mi. N kò gún un lọ́bẹ, n kò sì lù ú. Póókà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, ni mo ń ta lórí ayélujára, mo sì rí ìyá yìí bí ẹni tó ń dí mi lọ́wọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ ọ́, n kò ní bu iyọ̀ sí i.

Accra ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì gbà mí tọ́. Èmi ń pè é ní Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Madina. Yàrá méjì la ní ní Kokomlemle, nínú ọgbà kan tí èrò pọ̀ sí. Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Òfin kan wà tí Màmá kì í fi ṣeré rárá: tí àgbà bá pè ọ́, o kò gbọdọ̀ jókòó dáhùn. Wàá dìde, wàá dé iwájú rẹ̀. Ní kékeré mi, tí mo bá kígbe "Mà!" láti inú yàrá, á ní, "Ṣé ohùn rẹ ni mo rán níṣẹ́ ni?"

Nígbà tí mo dàgbà, mo ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Adabraka. Èmi ni mò ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sórí bébà ìkéde òkú, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Accra. Aago kan ọ̀sán ni mo máa ń ṣíwọ́. Kofi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́ mi ní póókà. Òun náà ń ta á lẹ́yìn iṣẹ́ ni, ó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, má ka owó. O kò lè pàṣẹ fún káàdì pé kó mú owó wá. Iye ọwọ́ tí o máa ta lóṣù ni kí o fi ṣe àfojúsùn, torí ìyẹn wà níkàáwọ́ rẹ."

Láti ìgbà tí wọ́n bá pín káàdì títí ẹnì kan á fi kó ohun tó wà lórí tábìlì, ìyẹn là ń pè ní ọwọ́ kan.

Mo ní, "Mélòó ni kí n mú?"

"Iye tí o lè ta lóṣù tí nǹkan bá le jù fún ọ. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, tàbí tí ara ẹnì kan kò bá yá nílé, gé e kù. Bleoo, bleoo, díẹ̀díẹ̀ ni. Àfojúsùn kì í ṣe ọlọ́pàá."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọwọ́ lóṣù. Mo gbé kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ wa kọ́ ògiri, mo ń kọ iye tí mo ta sábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Oṣù kò tíì parí tí mo fi bá a. Mo gbé e dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. N kò jèrè tó bẹ́ẹ̀, n kò sì pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Pé kí n dé iye tí mo pè ni ó ń dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Maame Esi, obìnrin kan nínú ọgbà wa, ń jókòó tì í láàárọ̀. Láti ọ̀sán lọ, èmi ni.

Kofi bi mí pé, "Ṣé o ti gé e kù?"

"Mo ti gé e kù."

Irọ́ ni. Oṣù yẹn gan-an ni mo gbé e dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Mo rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ti ní lè kúrò nílé lọ́sàn-án mọ́, àyè ti gbà mí nìyẹn.

Tábìlì mẹ́rin ni mò ń ta lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Màmá á pè mí pé kí n fún òun lómi, pé kí n yí òun padà, nígbà mìíràn láti béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní Madina. Kí n tó padà dé, àkókò mi á ti tán lórí tábìlì, wọ́n á ti gba káàdì ọwọ́ mi, wọ́n á ti fò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó dáhùn. Pẹ̀lú ẹnu wíwọ́ yẹn, ó ṣì sọ ọ́: "Ṣé ohùn rẹ ni mo rán níṣẹ́?" Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Dókítà ti fún un ní oògùn oorun díẹ̀ fún ìgbà tí kò bá rí oorun sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ọ̀kan sínú kóòkò rẹ̀, ògì gbígbóná tí wọ́n ń mu ní Accra. Ó sùn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. N kò tíì ta ọwọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan rí. Mo fi òdo kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà lórí kàlẹ́ńdà, kí n lè mọ ohun tó jẹ́ kí ọjọ́ náà dára. Nígbà tí oògùn tán, mo rí ibi tí wọ́n ti ń tà á láìbéèrè nǹkan kan.

Màmá ní, "Ọmọ mi, oorun yìí pọ̀ jù. Kí ló wà nínú kóòkò yìí? Ó ń korò."

"Atalẹ̀ ni, Màmá."

Ó mu ún, torí pé èmi ni mo di ife mú. Ó ní, "Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ."

Nígbà tí oṣù kẹta tí mo ti ń lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ń parí lọ, gbígbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ti gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, mo sì ti rẹ̀yìn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi oògùn náà ṣe ìlọ́po méjì. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màmá pè mí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní "Mà!" mo sì jókòó. Mo ṣì rántí pé káàdì mẹ́sàn-án méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ilé dákẹ́, inú mi sì dùn pé ó dákẹ́. Nígbà tí mo dìde ní aago mẹ́fà, ara rẹ̀ ti tutù.

Àwọn ará ìjọ àti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Accra ní kí a sin ín lọ́jọ́ kejì, bí a ti ń ṣe nílé. Èmi ni mo ní rárá, kí a gbé e sí mọ́ṣúárì bí àwọn ará Ghana ti ń ṣe, kí Bọ́sẹ̀ lè bá a. Wọ́n yìn mí. Ìsìnkú ì bá gba ọjọ́ méjì tó kù nínú oṣù mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Mo ta ọwọ́ tó kù pé. Lẹ́yìn náà mo to bébà ìkéde òkú Màmá fúnra mi ní ibi iṣẹ́, mo sì jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ rẹwà.

Bọ́sẹ̀ dé. Inú yàrá mi ni òun àti Maame Esi jókòó sí, ó sì gbójú sókè wo ògiri.

"Kí ni àwọn òdo wọ̀nyí?"

"Eré kan ni mò ń ta, Àǹtí."

Maame Esi sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn ọjọ́ yẹn ni òun máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ tí Màmá kì í jí. Bọ́sẹ̀ gbé ìka lé ọjọ́ kan.

"Ọjọ́ tí Màmá kú nìyí. Kí ló dé tí òdo rẹ̀ fi jẹ́ méjì?"

Bọ́sẹ̀ kò sunkún. Ó já kàlẹ́ńdà náà bọ́, ó ká a mọ́ abẹ́ apá, ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá pé kí dókítà yẹ òkú náà wò. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì ni, ilẹ̀ ì bá ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ní kóòtù, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà pé oògùn oorun ló pa á. Adájọ́ bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lẹ́nu ni pé mo dé iye tí mo pè. Ojú tì mí, mo pa ẹnu mi dé. Ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má ní àfojúsùn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò bá lè gé kù nítorí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé, ẹ fà á ya. Níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ wa. Mo máa ń dìde kí wọ́n tó pè é tán, àwọn wọ́dà sì ní ẹlẹ́wọ̀n tó gbọ́ràn ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, tí ìyá yín bá pè yín lónìí, ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ bá a.