Wọ́n Gbé Yàrá Ìlàágùn Sẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Adúmáradán, ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi, ẹ̀yin káfíńtà tó mọṣẹ́ jù, ṣebí ọwọ́ yín náà lẹ fi kàn án mọ́lẹ̀! Sáúnà, ibi téèyàn ti ń bọ́ṣọ làágùn, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, iwájú tábìlì ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò gan-an, pẹ̀lú ilẹ̀kùn gíláàsì, ẹ palẹ̀ irinṣẹ́ yín mọ́, ó di ilé. Ẹ ò tiẹ̀ bi ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín pé kí ló dé? Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Máníjà wa yẹn, Mo-ti-ṣèwádìí là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sóhun tẹ́ ẹ máa sọ tí ò ní í lóun ti ṣèwádìí ẹ̀. Ó ní sáúnà ínfúrárẹ́ẹ̀dì layé ń lò báyìí, kò lóòru omi, kò léèéfín, ooru ẹ̀ á kàn máa wọ ara lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì tó rà á làlejò ń wọ́ tọ̀. Mi ò jiyàn! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fọwọ́ ra àlejò lára níbẹ̀, mo mọ ohun tí ooru ń ṣe fún ẹ̀yìn tó ti le. Nǹkan gidi ni wọ́n rà. Orí tó gbé e kalẹ̀ ni ò pé.

Yàrá kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọwọ́ra mi, ó ní balùwẹ̀, ó níbi ìfaṣọkọ́. Kéèyàn bọ́ṣọ níbẹ̀, kó làágùn, kó wẹ̀, kó wá nà sórí tábìlì mi. Ọmọdé á mọ ìyẹn. Òun ní ohun téèyàn ò bá rí, kò ní í rà á, àfi ẹnu ọ̀nà. Èwo nínú àwọn bàbá oníkùn yẹn ló fẹ́ ró aṣọ ìnura mọ́dìí níwájú àwọn tó ń wọ́ báàgì wọlé? Wọ́n á wo gíláàsì, wọ́n á wo ikùn ara wọn, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn.

Ìgbà tí ò réèyàn wọnú ẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní èmi ni kí n máa jókòó síbẹ̀. Èmi! Tèmi ti yunifọ́ọ̀mù, ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n máa rẹ́rìn-ín, káwọn àlejò lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ bíi búrẹ́dì inú gíláàsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ta ló wọlé wá ṣèpàdé? Ìyá ọkọ ọmọ mi. Òógùn ń ro tótó nímú mi, mò ń rẹ́rìn-ín, mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, ó ní, “Kí ló ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́bẹ̀?” Mo gbọ́ ọ, gíláàsì yẹn ò nípọn. Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ mi bá pè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń bi mí bóyá mo jalè níbi iṣẹ́.

Ìyẹn náà ì bá sàn. Àná ni Mo-ti-ṣèwádìí kọ̀wé sí ìyá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní àlejò ò fẹ́ ooru, kí wọ́n ta sáúnà, kí wọ́n sì ti yàrá ìfọwọ́ra pa mọ́ ọn. Yàrá mi! Ó gbé nǹkan síbi tí ò yẹ, ó wá ní ọwọ́ mi ni ò dáa. Ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù o, sùúrù mi ti bá òógùn lọ nínú àpótí yẹn.

Mo pe ìyá náà fúnra mi láàárọ̀ yìí. Mo rò ó fún un, ó ní kí n gbé e síbi tí mo bá rí i pé ó yẹ, òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́la láago mẹ́wàá. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn án, ẹ̀yin lẹ máa tú u. Aago méje àárọ̀ ọ̀la, pẹ̀lú irinṣẹ́ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ n wá yín kiri. Ẹ sì rọra gbé e, torí orúnkún mi tó ti ń dùn mí láti ọdún mẹ́ta, àtìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀ ni ò ti dùn mí mọ́.

Kí lẹ ní? Àyè tó máa ṣófo lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ gbé àga kan síbẹ̀ fún Mo-ti-ṣèwádìí, kó jókòó de ìyá náà. Hà hà hà! Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, kò ní í nílò iná kankan kó tó làágùn.