Mo Mọ Kẹ́ǹtì Ju Ilé Bàbá Mi Lọ

Ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìwáyà là ń gbé. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe Ìwáyà tẹ́ ẹ mọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ọ̀sà lẹ ó máa wò. Lónìí ńkọ́? Ilé onílé lẹ ó rí, àti aṣọ tí wọ́n sá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi. Ará Iléṣà ni wọ́n. Láràárọ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò ní jẹ́ kí n dìde. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Oríkì ilé wa ni o, látorí ẹni tó tẹ agbo ilé dó títí dé orí bàbá mi. Ó gùn! Orúnkún á máa ro mí lórí sìmẹ́ǹtì...

Bẹ́ẹ̀ aago ilé ìwé ń lù ní Yábàá. Ẹni tó bá pẹ́, pàṣán ni. Ọ̀gá ilé ìwé wa, òyìnbó obìnrin, Kẹ́ǹtì ni wọ́n bí i sí. Àgbègbè kan ni nílùú òyìnbó, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn Kẹ́ǹtì ló fi kọ́ wa. Ẹ bi mí! Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Káńtábẹ́rì. Òkè funfun tó wà ní Dófà. Oko ápù. Ewéko kan tó ń fà gun òpó bí iṣu, tí wọ́n fi ń ṣe bíà. Odò Mẹ́díwè ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bí sí ìlà oòrùn odò yẹn, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bí sí ìwọ̀ oòrùn, ó ní tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò sì tíì fojú kan ápù rí o!

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní alábẹ̀wò ń bọ̀ nílé ìwé, èmi ni màá ka ìtàn Kẹ́ǹtì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀, Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ a-gbin-obì-sí-etí-odò..." Mo dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n ń kì mí lọ́wọ́, mo dìde! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo tún ní, "Ìyá àgbà, ẹ ti ń dá mi dúró jù. Àwọn òkú yín ò lè gbà mí lọ́wọ́ pàṣán."

Wọn ò bínú. Wọn ì bá tiẹ̀ gbá mi létí! Wọ́n kàn sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Máa lọ. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, wá kúnlẹ̀."

Mo ka Kẹ́ǹtì, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ríbọ́ọ̀nù pupa. Mi ò padà lọ kúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí wọn. Òjò ọdún kejì ni wọ́n kú. Bàbá mi ńkọ́? Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ oríkì kankan.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbí, ní Ìpọ̀nrí. Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, mú ọmọ ẹ̀ wá kí mi láti ìlú òyìnbó. Ibo ni wọ́n ń gbé níbẹ̀? Kẹ́ǹtì! Ayé mà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ilé ìwé ọmọ yẹn ní kí kálukú wá sọ ìtàn ibi tí ilé wọn ti ṣẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ kì mí."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọmọ a-gbin-obì-sí-etí-odò..."

Ó tán. Odò wo? Mi ò mọ̀. Mo ti pe Iléṣà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú. Mo mọ ìlà oòrùn Mẹ́díwè, mi ò mọ apá ibi tí odò ilé bàbá mi wà!

Inú ń bí mi. Òyìnbó yẹn kọ́, ìtàn ilé tiẹ̀ ló sọ. Èmi tí mo dìde ni mò ń bínú sí. Ẹ̀yin náà, tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ ní ẹ ń kánjú... ẹ máa kánjú lọ. Ẹ ó bá a níwájú.

Ọmọ yẹn ò dìde o. Ó rò pé mò ń rántí ni. Orúnkún ẹ̀ wà nílẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má kánjú, Ìyá àgbà. Mò ń dúró."